Wọ́n Ní Kí N Pè É Ní Àǹtí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀: èmi kì í ṣe onísùúrù. Màmá máa ń sọ pé níbi tí wọ́n ti ń pín sùúrù lọ́run, ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà ni mo ń bá jà títí sùúrù fi tán. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ owó orí fẹ́ẹ̀ da orí mi rú nílùú onílùú, kí ẹ mọ̀ pé èmi náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Apakun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Kí n tó rìnrìn àjò, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àjàó Estate ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù kì í jẹ́ ká gbádùn níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀ lórí òrùlé, màá dákẹ́ láàárín gbólóhùn, àwọn ọmọ náà á dákẹ́, tó bá kọjá tán, màá wá mú ọ̀rọ̀ mi níbi tí mo fi í sí. Nígbà tí mo dé òkè òkun, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bi mí pé, "Tíṣà, kí ló dé tí ẹ máa ń ṣàdédé dúró?" Ariwo tí kò sí níbẹ̀ ni mò ń dúró dè kó kọjá. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà pé ojú ọ̀run ibẹ̀ dákẹ́.

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ìhà ìlà oòrùn ayé ló wà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì fẹ́ràn òǹtẹ̀ lórí ìwé ju ohunkóhun lọ. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Owó oṣù mi kì í pẹ́. Wọ́n ti máa ń yọ owó orí kúrò nínú ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, ìyẹn ò sì bí mi nínú, torí ẹni tó ń jẹun nílé onílé, ó yẹ kó dá sí owó ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wọn tún ní ojú àánú kan. Ẹni tó bá ń gbọ́ bùkátà òbí tó ti dàgbà, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọn á dín owó orí rẹ̀ kù. Ọmọ Gánà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ta mí lólobó. Inú mi dùn. Ta ló tún ń gbọ́ bùkátà òbí bí tèmi? Orúnkún Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, kò lè lọ sọ́jà mọ́, èmi nìkan ló sì ní.

Ni wọ́n bá fún mi ní ìwé kan pé kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí mò ń bọ́, mo kọ orúkọ Màmá. Níbi tí wọ́n ti béèrè bó ṣe jẹ́ sí mi, mo kọ "ìyá". Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Yorùbá wo ló máa dúró ronú níbẹ̀?

Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa. Wọ́n dín owó orí mi kù, mo ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ra oògùn orúnkún ránṣẹ́ sílé. Àfìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo àjèjì tó ń jẹ àǹfààní yẹn lọ mú ìwé ìbí wá. Mo mú tèmi lọ. Orúkọ obìnrin tó wà nínú ìwé ìbí mi kì í ṣe orúkọ Màmá.

Obìnrin tó ń bójú tó owó oṣù wa nílé ẹ̀kọ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń tẹrí ba kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ìwé méjèèjì síwájú mi.

"Orúkọ méjì ló wà níbí. Èwo ni ìyá rẹ?"

Mo ní, "Àwọn méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá kan ṣoṣo lèèyàn máa ń ní."

"Nílé tiyín nìyẹn."

Ó tún tẹrí ba. Ojú tì mí fún bí mo ṣe dá a lóhùn, mo wá fara balẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ẹni tó bí mi kú kí n tó lè dá jókòó. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí kò bímọ, ló gbé mi láti ọjọ́ náà, òun ló tọ́ mi, òun ló rán mi níwèé, òun ni mò ń pè ní Màmá. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní, "Háà, ó ti yé mi! Àǹtí rẹ ni."

Àǹtí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ bá mi dá sí i. Ta là ń pè ní àǹtí? Ọmọge tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì, àǹtí ni. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, àǹtí ni. Bí mo bá fẹ́ kí obìnrin kan sún fún mi níbi tá a jókòó sí, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀" ni màá wí, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹni tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n ní kí n máa fi pe ẹni tó pọ̀n mí. Inú bí mi gan-an, ọmọbìnrin náà ò sì mọ ohun tó ṣe mí.

Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́. Àyè mìíràn wà nínú òfin wọn fún mọ̀lẹ́bí tí kì í ṣe òbí, téèyàn ń bọ́. Kí n gba ìwé ìbúra láti kọ́ọ̀tù nílé, kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ búra pé òun kọ́ ni ìyá mi, pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lòun, pé èmi ni mò ń bọ́ òun. Tí mo bá ti mú un wá, wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ lọ síbi tó yẹ, ọ̀rọ̀ tán. Tí mi ò bá mú un wá, á já sí pé mo purọ́ fún ìjọba láti jẹ àǹfààní, ilé ẹ̀kọ́ ò sì ní lè gba irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ mọ́ tí àdéhùn wa bá parí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ gbogbo ẹ̀.

Mo fi àáké kọ́rí. Mo gba ọ́fíìsì owó orí lọ fúnra mi, mo mú ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tó jẹ́ ọmọ ìlú náà dání kó máa bá mi túmọ̀. Bàbá kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò ní pẹ́ mọ́ ló dá wa lóhùn. Ó bu omi gbígbóná lásán fún mi mu, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣàlejò níbẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí o bá sọ pé ìyá rẹ ni, irọ́ ni, wàá sì san owó. Tí o bá sọ pé àǹtí rẹ ni, òótọ́ ni, a ó sì dín owó rẹ kù. Kí ló dé tí o fi fẹ́ràn irọ́ tó ń ná ẹ lówó?"

Mo mu omi gbígbóná mi, mo sì dìde.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ fún yín. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó. Bọ́ládé ní Òṣòdì ló ti ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ fún àwọn télọ̀ títí orúnkún fi lé e wálé. Nínú gbogbo àwọn oníbàárà yẹn, kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ jẹ́ ká ní Lágbájá ni mò ń jẹ́. Ìyá Lágbájá ni ní Bọ́ládé, Ìyá Lágbájá ni ní Apakun, Ìyá Lágbájá ni ní mọ́sáláṣí. Bí ẹ bá yọ èmi kúrò níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè é? Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣé orúkọ ọmọge rẹ̀ ni wọ́n máa padà lọ wá?

Nígbà tó gbé mi, àwọn aládùúgbò sọ pé orí ọmọ ní ń pe ọmọ wá, pé orí mi á pe àwọn àbúrò wá bá mi. Kò pe ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mi ò jẹ́. Màá lọ dúró lẹ́yìn ilé, níbi kànga, màá máa pe àwọn ọmọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bọ̀. Lọ́jọ́ kan Màmá bá mi níbẹ̀. Ó bi mí pé ta ni mò ń pè. Mo sọ fún un. Ó gbé mi wọlé, ó wẹ̀ fún mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti wẹ̀ láàárọ̀, a ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Nílé wa, gbogbo wa mọ̀ pé òun kọ́ ló bí mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ni. Bàbá, ọkọ rẹ̀, kò sọ ọ́ títí tó fi kú. Ohun tí à ń gbé lọ láì fẹnu kàn án ni wọ́n wá ní kó lọ sọ ní kọ́ọ̀tù, kó tún búra lé e.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo wálé. Kí n má parọ́, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí lọ́yà kọ ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Màmá ṣáà tẹ̀ka, kó má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ilé kéú ló lọ, Lárúbáwá ló lè kà, kò mọ ABD. Mo wá lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì tóóró lókè ilé ìtajà bàtà ní Bọ́ládé. Ó tẹ ìwé náà, ó dán mọ́rán, ló bá bi mí pé, "Ṣé Màmá mọ̀wé?"

"Rárá, sà."

"Á jẹ́ pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ kà á fún wọn ní Yorùbá kí wọ́n tó tẹ̀ka. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin ni."

"Ṣé kò sí bá a ṣe lè yẹ̀ ẹ́?"

Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ jí ilẹ̀ ìyá arúgbó tà. "Tìtorí irú ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà."

Mo gbé ìwé náà relé, mo tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Ọjọ́ ń lọ. Ilẹ̀ bá mọ́, màá ní òní ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ilẹ̀ bá ṣú, màá ní ó di ọ̀la. Èmi tí mo lè bá kọ̀ńdọ́ jà láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì nítorí ṣéńjì, ẹnu mi ò lè là níwájú ẹni tó ń gún ata fún mi. Màmá ló bá mi là á.

"Kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn? Láti ọjọ́ tó o ti dé, o ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ara rẹ ò yá ni."

"Màmá, ẹ máa bá mi dé kọ́ọ̀tù."

"Mo sọ ọ́! Ta lo lù?"

"Mi ò lu ẹnikẹ́ni o. Ọ̀rọ̀ owó orí ni. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Owó orí! Wọ́n ṣì ń gbà á? Nígbà tí agbowó-orí bá wọ Ìsẹ́yìn nígbà yẹn, orí àjà ni bàbá mi máa ń gùn, ìyá mi á ní ó ti lọ sóko. Lọ́jọ́ kan ó sín sórí àjà! Ìwọ wá ńkọ́, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga gíga tẹ́ ẹ ń gbé yẹn, ibo lẹ máa ń sá sí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé inú. Mo ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá búra pé èmi ni mò ń bọ́ yín, kí wọ́n lè dín owó orí mi kù."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn náà ni, Màmá."

"Kò burú. Òótọ́ kúkú ni." Ó gbé ọmọ odó rẹ̀. "Ṣùgbọ́n a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ o!" Àwàdà ló fi ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ó ń gún ata rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tá a máa lọ, ó wọ léèsì rẹ̀ tó dáa, ó wé gèlè lábẹ́ ìborùn, ó lé tìróò. Ó ní èèyàn kì í lọ jẹ́rìí ọmọ rẹ̀ nílé ẹjọ́ bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Mo háyà kẹ̀kẹ́ márúwá kan fún àwa méjèèjì nítorí orúnkún rẹ̀. Gbogbo ẹni tó kí i lọ́nà ló ń sọ fún pé ọmọ òun ló ní kí òun wá ṣe ẹlẹ́rìí, pé ìjọba òyìnbó fẹ́ gbọ́ tẹnu òun. Mi ò ní kí n sọ fún un pé kì í ṣe òyìnbó.

Ní kọ́ọ̀tù, yàrá kan wà lápá kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìbúra. Ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ sọnù wà níbẹ̀, ìyàwó tuntun tó fẹ́ yí orúkọ padà wà níbẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì, bàbá kan tó gbé awò ojú rẹ̀ lé iwájú orí, béèrè pé, "Màmá, Bíbélì ni àbí Kùránì?"

Màmá ní, "Kùránì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe àlùwàlá."

"Kò pọn dandan, Màmá. Ẹ ṣáà gbé ọwọ́ lé e."

"Pọn dandan fún ta ni? Kùránì ni mo fẹ́ gbá mú, kì í ṣe ìwé tẹlifóònù."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ ṣe é. Mo ra omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì, a lọ síbi gọ́tà. Mo ń da omi sí i lọ́wọ́, ó fọ ọwọ́, ó fi omi yọ ẹnu, ó bọ́ ojú, tìróò rẹ̀ sì yọ́ díẹ̀. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, orúnkún ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo bá a fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo la ẹnu pé kí n sọ ọ́. Mo ní, "Màmá." Ó ní, "Hùn?" Mo ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún." Ibi tí mo lè bá a dé nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

A padà wọlé. Akọ̀wé fa awò rẹ̀ wá sójú, ó kọ́kọ́ ka ìwé náà sínú ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí i bó ṣe dúró níbì kan, tó gbójú sókè wò mí, tó tún wo Màmá.

"Ṣé o ti sọ ohun tó wà níbí fún Màmá?"

Mo ní, "Mi ò tíì sọ ọ́ tán, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja. Ó ka orúkọ rẹ̀, orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí àfi àwọn ará Ìsẹ́yìn. Ó ka àdúgbò, ó ka ẹ̀sìn. Ó ka ibi tó sọ pé mò ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, Màmá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá dé ibẹ̀.

"Wọ́n ní... Màmá, wọ́n ní ẹ búra pé ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ọmọ yìí. Pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni yín."

Orí tí Màmá ń mì dúró. Ìyàwó tuntun tó wà lẹ́yìn wa dáwọ́ títẹ fóònù dúró.

Màmá ní, "Tún un kà, jọ̀ọ́."

Ó tún un kà. Màmá ò wò mí. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú. Wọ́n ní orúkọ yín kọ́ ló wà nínú ìwé ìbí mi, pé ìyá kan ṣoṣo lèèyàn ń ní. Wọ́n ní tí mi ò bá mú un wá, irọ́ ni mo pa, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bá wọn jà. Mo jà, Màmá, wọn ò gbọ́." Mo ní, "Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọlé. Kí wọ́n mú iṣẹ́ wọn." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ti na ọwọ́ láti mú ìwé náà kúrò lórí tábìlì.

Màmá gbá mi lọ́wọ́, bó ṣe máa ń gbá mi nígbà tí mo bá fẹ́ jí ẹran inú ìkòkò. "Fi sílẹ̀. Kí lo rò pé wọ́n kọ síbẹ̀ tó jẹ́ tuntun létí mi?"

Ó kọjú sí akọ̀wé. Ó ní, "Ìwé ìbí rẹ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, ta lo rò pé ó lọ gbà á? Èmi ni. Mo pọ̀n ọ́n lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé bi mí pé kí ni orúkọ ìyá ọmọ. Kò mọ̀ mí rí. Bí mo bá ní èmi ni, á kọ ọ́, á sì parí síbẹ̀. Ọkọ mi gan-an ti ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi bínú. Mo wá dárúkọ àbúrò mi fún un. Òun ló bí i, ó sì ti kú, kò ní nǹkan mìíràn láyé. Ṣé kí n tún wá gba ọmọ lọ́wọ́ òkú?"

Akọ̀wé ní, "Rárá, Màmá."

"Ó dáa. Èmi kọ́ ni mo bí i. Gbé yíǹkì wá."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ tẹ̀lé akọ̀wé, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó na àtàǹpàkò, wọ́n fi yíǹkì sí i, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n fi hàn án. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbàgà.

Ìwé náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo padà, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí abẹ́ àǹtí, wọ́n dín owó orí mi kù, ilé ẹ̀kọ́ sì tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú mi. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ yẹn bá mi yọ̀ gidigidi. Mo kàn ń sọ ọ́ kó má bàa wà lọ́kàn yín ni, torí ìyẹn kọ́ ni mo jókòó kọ.

Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ tán, akọ̀wé ní, "Ó ti parí, Màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ lè máa lọ." Màmá ò dìde. Mo rò pé orúnkún ni, mo sún mọ́ ọn láti gbé e. Ó ní kí n dúró ná. Ojú akọ̀wé ló ń wò, kò wo tèmi.

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò gba fídà. A po mílíìkì yìí, kò gbà. A po ìyẹn, kò gbà. Ó ké láti òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ há. Mo bá lé gbogbo èèyàn jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo fún un lọ́mú."

Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló máa wà níbẹ̀? Èmi tí mi ò bímọ rí. Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbá a mú, ó ń fà á, ó sì dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́ ló tó gba fídà lọ́wọ́ mi. Báyẹn ni mò ń ṣe é títí ó fi hu eyín. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní wèrè ti wọ̀ mí. Ojú sì ń tì mí."

Akọ̀wé fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀, ó mú bírò. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n wá àyè fi kún un ni?"

Màmá ní, "Rárá o. Kí ló kan àwọn yẹn níbẹ̀?" Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi, tìróò rẹ̀ tó yọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó ní, "Òun ni mò ń sọ ọ́ fún."

Mo jókòó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, omi ń dà lójú mi. Mo pè é ní Màmá, ó dá mi lóhùn, mo tún un pè.